Eérú Lára Lílà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbi tí ẹ wà, mo wá mú èyí tí mo mọ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ yín. Bí fóònù bá dún, kí ẹni tó pè tó kí yín tán, ẹ ó ti máa bi í pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Lẹ́yìn yín, kò sẹ́ni tó kú.

Òjò ń rọ̀ ní Peckham láàárọ̀ yìí, òjò jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ẹlòmíràn ló ń bá mi wa bọ́ọ̀sì lọ sí Walworth. Ṣadé ìyàwó mi ti lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Tómi ọmọ wa ṣì ń sùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń lọ ká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Èmi ò lè dán an wò, ẹ̀rù ọmọ náà ń bà mí. Orí àga yín nínú kíṣìnì ni mo jókòó sí, èyí tó kọjú sí fèrèsé, mo ń wo Lílà níbi tó ti ń wẹ̀ nínú òjò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe dé? Ìgbà yẹn mo ṣì ń lọ sí sẹ́kọ́ndìrì. Pat, obìnrin Òyìnbó tí ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa, ló yọ ọmọ igi náà láti ìdí tirẹ̀, tó gbé e kọjá sí yín lórí fẹ́ǹsì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jò. Ó ní lilac ni wọ́n ń pè é. Etí yín gbọ́ "láì là", ojú yín sì yí padà. Ẹ ní ta ló máa gbin ohun tó ń jẹ́ láì là sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, kí òun má là, kí àwọn ọmọ òun náà má là? Ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ sọ igi náà ní Lílà kí ẹ tó jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ọjọ́ náà ni Pat ti gbà pé orúkọ obìnrin ni ẹ fún un. Títí di òní, bó bá ti rí mi, "How's Leela?" ni yóò wí. Mi ò tún un ṣe fún un rí. Rónkẹ́ àbúrò mi nìkan ló ṣorí kunkun, lilac ló ń pè é ní tirẹ̀, pẹ̀lú imú, bí àwọn tíṣà rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹ̀ka rẹ̀. Bó bá wọ́wé nígbà òtútù, ẹ ó gbá gbogbo ewé náà jọ, ẹ ó kó o padà sí ìdí rẹ̀, nítorí ohun tó bọ́ lára igi, igi ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lóko bàbá yín, ewé á jẹrà, á di ilẹ̀dú, igi á sì yó. Okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí òdòdó rẹ̀ bá ti ń rẹ̀ dànù, á máa já bọ́ sára sùtáná funfun yín. Ẹ ó gbọn aṣọ náà títí, ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan á ṣì lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn. Mo máa ń rí i. Mi ò sọ fún yín rí nítorí ó yẹ yín.

Ìtàn eérú náà ńkọ́? Ẹ ní agolo mílíìkì kan tí ẹ fi ìṣó dá ihò sí nídìí. Ẹ ó gbé e lọ sí Rye Lane, ẹ ó bá ọkùnrin ará Jàmáíkà tó ń yan adìẹ lẹ́bàá ọ̀nà, á bu eérú èédú fún yín. Ibi tí kòkòrò bá ti fẹnu kan ewé tẹ̀tẹ̀ yín báyìí, ẹ ti dé pẹ̀lú agolo. Tẹ̀tẹ̀ gbà á, tòmátì gbà á, ata gbà á, Lílà náà gbà á. Eérú loògùn gbogbo nǹkan lọ́dọ̀ yín, ó kù díẹ̀ kí ẹ bù ú fún èmi náà nígbà tí ikọ́ ń dà mí láàmú.

Ẹ wá lọ nígbà òtútù. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ohun kan náà: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wòlíì sọ ọ́, àwọn ìyá ìjọ sọ ọ́, ọkùnrin tó wá gbé àga ìsìnkú padà náà sọ ọ́. Mo ń dá wọn lóhùn, àmọ́ nínú mi, ó ti sú mi. Èmi kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò fẹ́ rọ́pò ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo fẹ́.

Lílà tanná ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, mi ò wò ó. Mo fa kọ́tìnì. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láti da ìdọ̀tí nù, mo gbójú sókè, gbogbo ewé Lílà ti funfun. Ó funfun lókè ewé, ó kúnná, ó rí gan-an bí ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn agolo yín tán. Mo wo ẹ̀yìn mi. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbà pé ẹ̀yin ni.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bú ara mi ní òmùgọ̀, mo sì rò ó dáadáa. Rónkẹ́ ni. Ó wá láti East Dulwich lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní láti jẹ́ pé ó yọ́ jáde lọ fọ́n eérú sí i ní ìrántí yín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mi ò fẹ́ bi í, kí n má bàa bà á jẹ́ fún un. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òun náà ti rí i. Ó rò pé èmi ni. Ó dùn mọ́ òun náà, ló bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Báyìí ni àwa ọmọ yín méjèèjì ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀wọ̀ mọ́lẹ̀, tí àrùn sì ń jẹ igi yín ní gbangba.

Òjò ló tú àṣírí. Òjò ńlá kan rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù orí ṣẹ́ẹ̀dì wa lọ. Lọ́jọ́ kejì, Rónkẹ́ dé, a jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Bọ̀dá mi, you're really trying o," ló wí. "Lẹ́yìn gbogbo òjò àná, ẹ tún ti fọ́n òmíràn."

Mo wò ó. "Èmi kọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi bí i ti báwo? I thought it was you. Since August."

Tómi tó jókòó sórí àga yín pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ló wá ní, "Wait. So nobody's been doing Grandma's ash? That's actually mad, you know." Rónkẹ́ lọ bá igi náà, ó fi àtàńpàkò ra ewé kan. Kò parẹ́. Ó ti mú ewé náà dan-in dan-in.

Pat ń gbọ́ wa láti òdìkejì fẹ́ǹsì, ẹ mọ̀ pé etí rẹ̀ gùn. "That's mildew, darling," ló wí. "She's had it years, has Leela. I told your mum. She said no, Pat, that's my ash." Irú nǹkan funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílé ni, ewé ni eléyìí ń mú.

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí, Màámi. "That's my ash." Ṣé ẹ gbà lóòótọ́ pé eérú yín ni? Àbí ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé ara igi náà ò yá, tí ẹ sì ń fọ́n eérú bò ó kí àwa má baà rí i? Mo bi yín nítorí mo mọ bí ẹ ṣe fi àìsàn tiyín pamọ́ fún wa, tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ ilé ló rẹ̀ yín. Mi ò bínú mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Pat ṣàlàyé pé àrùn náà kì í sáré pa igi, àmọ́ ẹ̀ka Lílà ti pọ̀ jù, wọ́n há mọ́ra wọn, atẹ́gùn ò ráyè gba àárín wọn. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní inú ewé tó wọ́ sílẹ̀ ni àrùn náà ń sá sí nígbà òtútù, bí ewé tuntun bá sì ti yọ, á gun òkè padà. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí ẹ ń kó sí ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, òun ló ń dá àìsàn rẹ̀ padà fún un. Mo gbèjà yín o. Mo ní ilẹ̀dú ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lóko. Pat ní, "I know, love," ó sì wọlé lọ gbé tíì rẹ̀ kaná.

Rónkẹ́ ní ká wú u. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe, àfi ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká wú u kíá ká gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè tún jókòó máa wo nǹkan Màámi kó máa kú díẹ̀ díẹ̀. I can't do that twice." Òun ló jókòó tì yín jù nínú gbogbo wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di oṣù Karùn-ún. Bí Lílà ò bá tanná nígbà náà, èmi fúnra mi ni màá di ṣọ́bìrì mú.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo kó o. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo gbá jọ, mo dà á sínú bíìnì káńsù, kí wọ́n gbé e lọ jìnnà. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń kó oúnjẹ kúrò níwájú ọmọ yín. Mo ń bẹ̀ yín bí mo ṣe ń gbá a, ẹnu mi ni mo fi ń sọ ọ́ jáde, títí Pat fi yọjú bi mí bóyá òun ni mò ń bá wí. Mo ní rárá, ìyá mi ni. Ó ní "Right you are," kò bi mí mọ́.

Ẹ̀ka gígé ló kàn. Mo ti gbé ayùn jáde nínú òtútù, inú mi ń gbóná láti ṣiṣẹ́, Pat bá kan fèrèsé rẹ̀ gbàgbàgbà. Ó ní òdòdó oṣù Karùn-ún ti wà nínú ojú ẹ̀ka báyìí, bí mo bá gé e, mo ti gé òdòdó nìyẹn. Kí n dúró kó tanná tán. Kí n dúró! Èmi tí ẹ máa ń bú pé mi ò ní sùúrù fún ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá bọ́ọ̀sì. Mo gbé ayùn wọlé, mo sì dúró. Kò tíì sí ohun tí mo dúró dè báyìí rí. Bí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ kóòtù, màá lọ yọjú sí àwọn ojú ẹ̀ka yẹn bí ẹni tó ń wo ìkòkò ẹ̀wà.

Ó tanná, Màámi. Kò pọ̀ bíi ti ìgbà ayé yín, òkè lọ́hùn-ún ló pọ̀ sí, àmọ́ òórùn rẹ̀ wọ kíṣìnì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tíì tí mò ń mu sì di tiyín. Rónkẹ́ dé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbà. Ó dúró sábẹ́ igi náà, ó sunkún, ó nu ojú, ó bi mí pé kí la fẹ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣọ́bìrì.

Nígbà tí òdòdó náà rẹ̀ tán, mo gé ẹ̀ka. Àwọn tó ti gbó láàárín ni mo mú, mo gé wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo bí ayùn ṣe ń lọ ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe tán, mo rí ojú ọ̀run láàárín rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo ti wá rí àwọn ọmọ. Wọ́n yọ yí i ká bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn mọ́ tónítóní. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo àwọn tí mo ń dá lóhùn nígbà ìsìnkú yín, tí inú mi ò fẹ́ gbọ́ tiwọn, ni mo rántí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọkùnrin tó wá gbé àga. Mo yọ ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ fún Rónkẹ́, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì dé East Dulwich. Ó ti ta gbòǹgbò. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ju fọ́tò ọkọ rẹ̀ lọ.

Mo tún gbin tẹ̀tẹ̀ yín padà lọ́dún yìí. Kòkòrò kò jẹ́ kó pẹ́ rárá. Mo wá agolo yín kàn lábẹ́ síǹkì, mo gbé e lọ sí Rye Lane. Ọkùnrin tó ń yan adìẹ mọ agolo náà kó tó mọ̀ mí. "Where Mummy?" ló bi mí. "Long time me nuh see her." Mo sọ fún un. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó dì mí mú léjìká. Lẹ́yìn náà, ó bu eérú kún agolo yín títí dé ẹnu. Ó ní ẹ máa ń súre fún òun lójoojúmọ́ tí ẹ bá wá, òun ò sì gbọ́ ẹyọ kan rí, bóyá èmi náà mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa. Mo ní iná rẹ̀ ò ní kú, ọjà rẹ̀ ò ní kùtà, ọ̀nà rẹ̀ á máa là. Ó dijú, ó ní, "Yes. That's the one."

Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá ni mo fẹ́ sọ gan-an, ọ̀rọ̀ ló gùn. Rónkẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú sùtáná rẹ̀, èmi ń ro ọbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì dà bí ohùn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi. Ó ti padà. Lílà ti tún funfun."

Mo jù ṣíbí sílẹ̀, mo sáré jáde. Lóòótọ́ ni, gbogbo ewé ìsàlẹ̀ lápá kan ló funfun. Mo ro ewé tí mo kó, mo ro ẹ̀ka tí mo gé, mo ro ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì tí mo sọ. Rónkẹ́ na ọwọ́ sí ewé kan bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn. Ó fi àtàńpàkò rà á.

Ó parẹ́. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ó wo àtàńpàkò rẹ̀. Ó wo ebè tẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, àti agolo tí mo gbàgbé síbẹ̀. Ó wá wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ní èmi ni, tẹ̀tẹ̀ ni mo fọ́n ọn sí, atẹ́gùn ló gbé e. Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun, èmi náà jókòó tì í, ọbẹ̀ sì jóná. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kò pè é ní lilac.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ewé díẹ̀ wà lábẹ́ tí àmì náà ṣì mú. Pat ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọdọọdún lèèyàn ń bá a ṣe é. Kò burú, mo ti mọ iṣẹ́ náà. Òjò ti ń dá báyìí. Mo ti jáde lọ wo ewé tó funfun lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, òjò ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́.

Eérú ni, Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, eérú ni lóòótọ́, èmi ni mo sì fọ́n ọn.

Ẹ sùn re. Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ni, tí eérú ṣì wà ní èékánná rẹ̀.